Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó má gbà mí gbọ́. Wọ́n ti pè mí ní onírọ́ níbi tí mo ti ń sọ òótọ́ rí, ó ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n n kò ní í dákẹ́ lórí èyí. Mo ti dákẹ́ tó.

Adákẹ́ ni wọ́n ń pè mí nílé. Àbúrò ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ló sọ mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé tí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni n óò wà títí onítọ̀hún á fi lọ. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sí ẹni tó lè rán mi lọ síwájú. Mo bá ń lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta àlòkù ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀. Ìwé tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣà. Àwọn tuntun ju agbára mi lọ. Àwọn ògbólógbòó ni mo ń rà, àwọn tí kòkòrò ti jẹ etí wọn, tí ojú ewé wọn lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé òjò ti pa wọ́n rí. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Adákẹ́, èdè tí ò ń kọ́ yẹn, àwọn tó ń sọ ọ́ ti kú tán."

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Bàbá àgbà ẹ̀ ló fẹ́ lọ fi kí."

Mo ń ka ìwé mi.

Ohun kan wà nínú àwọn ìwé náà tí mo fẹ́ràn. Gbogbo àṣẹ tí èèyàn bá kọ fún kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà níwájú, kí ẹ̀rọ náà lè mọ èyí tó máa kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n wọn kì í kà á ní ení, èjì, ẹ̀ta. Mẹ́wàá-mẹ́wàá ni: ìlà 10, ìlà 20, ìlà 30. Ìwé náà ní kí èèyàn fi àyè sílẹ̀ láàárín, nítorí pé kò sí ẹni tó ń rántí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Tí o bá wá rántí ohun tí o gbàgbé, wàá rí ibi tí o máa kì í bọ̀. Ọgbọ́n àgbà ni mo kà á sí. N kò mọ̀ pé tí èèyàn bá fi àyè sílẹ̀, kì í ṣe òun nìkan ló lè wọ ibẹ̀.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi tí mo wí, ló ń nu ilẹ̀ ní ilé ìwòsàn ojú kan. Dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan, àti yàrá ìdúró kan tó ní bẹ́ǹṣì gígùn mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni àwọn aláìsàn ń jà níbẹ̀ lórí ẹni tó kọ́kọ́ dé. Ẹni tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ á ní òun rí i kedere pé òun ló ṣáájú. Nọ́ọ̀sì a máa pariwo "Ẹ jókòó, ẹ jókòó" láti àárọ̀ títí dọ̀sán, débi pé Ẹ-Jókòó ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn.

Kọ̀ǹpútà kan wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí wọn, ó tóbi bí àpótí aṣọ, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò mọ́. Èmi mọ̀ ọ́n lò. Òun àti àwọn ìwé mi, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Àǹtí mi lọ bẹ Dókítà. Dókítà wò mí, mo wo ilẹ̀.

"Ṣé ó lè máa pe èèyàn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láìsí ìjà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tó bá ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà títí oṣù yìí máa fi parí, o ti rí iṣẹ́ níbí nìyẹn. Tí ò bá ṣiṣẹ́, ìwọ àti àǹtí ẹ lẹ máa gbé e padà síbi tó wà."

Iṣẹ́ gidi, iṣẹ́ tó ní tábìlì àti àga. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí mi ń kọrin nígbà tó ń fọ abọ́. N kò gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ rí.

Mo kọ ọ́. Ètò kékeré ni, ìlà mẹ́fà péré. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan á gba páálí tó ní nọ́ńbà. Tí Dókítà bá ti ṣe tán pẹ̀lú ẹnì kan, á lu aago kékeré orí tábìlì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì á tẹ bọ́tìnì kan. Kọ̀ǹpútà á dún "pín", nọ́ńbà tó kàn á sì jáde gàdàgbà lójú rẹ̀. Orí díìsì ni ètò náà wà, ohun dúdú pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń tì bọ ẹnu kọ̀ǹpútà. Kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kàn án, mo ń gbé e lọ sílé nínú àpò àyà mi.

Ìjà dáwọ́ dúró. Ẹ-Jókòó fúnra rẹ̀ rí àyè jókòó.

Ọjọ́ kan, òjò ṣú. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n yàrá ìdúró ṣókùnkùn bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó. Omi ń kán sínú garawa tí Àǹtí mi gbé sí abẹ́ òrùlé tó ń jò. Kọ̀ǹpútà pe mẹ́sàn-án. Télọ̀ kan ló ni ín, ọkùnrin kan tó ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ó wọlé, ó jáde, ó lọ. Aago dún. Nọ́ọ̀sì tẹ bọ́tìnì.

Pín. Mẹ́sàn-án.

"Mẹ́sàn-án ti wọlé," ni nọ́ọ̀sì wí. Ó wo àwọn bẹ́ǹṣì. Kò sí ẹni tó dìde.

Ilẹ̀kùn yàrá Dókítà ṣí. Ó padé. Jẹ́jẹ́ ló padé, bí ẹni pé ẹni tí kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ló tì í.

Mo gbọ́ ohùn Dókítà nínú lọ́hùn-ún.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó síbí."

Omi kán sínú garawa. Ó tún kán.

Àtẹ lẹ́tà kan wà lára ògiri yàrá náà, lẹ́tà ńláńlá lókè, wínníwínní nísàlẹ̀. Àwọn aláìsàn a máa kà á sókè, a sì máa gbọ́ wọn. Lọ́jọ́ yẹn n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kà á.

"Kí lẹ rí?" ni Dókítà wí. Ó dákẹ́, ó tó ìwọ̀n tí èèyàn fi lè dáhùn. "Ó dáa. Èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́?" Ó tún dákẹ́. "Ẹ kú ìgbìyànjú."

Aago dún. Pín. Mẹ́wàá. Obìnrin kan tó pọn ọmọ dìde, ó wọlé. Kò sí ẹni tó jáde kó tó wọlé.

"Adákẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Wá wo nǹkan ẹ. Ó ń pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì."

"Ta ló wá wọlé, mà?"

"Ta ló wọlé bíi ti báwo? Kò sẹ́ni tó wọlé. Ẹ̀rọ ẹ ló ń ṣàárẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ṣí ètò mi. Láàárín ìlà 20 àti ìlà 30, ìlà 25 wà níbẹ̀. Tí nọ́ńbà bá jẹ́ mẹ́sàn-án, kí ẹ̀rọ tún un pè. Ohun tó wí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n fi kọ ọ́, kọ̀ǹpútà yẹn kò sì ní lẹ́tà kékeré. Lẹ́tà ńlá nìkan ló mọ̀.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú ló bí mi jù. Kò sí ohun tó jẹ́ tèmi nìkan rí láyé mi. Ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn mi, ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ìwé mi, ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ kà á. Ìlà mẹ́fà yìí nìkan ni mo ní. Ta ló wá tọwọ́ bọ̀ ọ́ láìtọrọ? Mo pa ìlà 25 rẹ́. Mo ki díìsì bọ àpò, mo sì fọwọ́ lé e títí mo fi délé.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún pe mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn ṣí, ó rọra padé.

"Ẹ káàbọ̀," ni Dókítà wí. "Ojú yín ti mọ́ ju ti àná lọ."

Mo tún pa á rẹ́. Ó tún padà wá. Àwọn aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé àwọn kan wà tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ẹ-Jókòó kò mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀ mọ́.

"Àǹtí ẹ ní o gbọ́n. Irú ọgbọ́n wo lèyí? Àlòkù ìwé, àlòkù ọgbọ́n. Yọ nǹkan yẹn kúrò níbẹ̀."

"Mà, èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o. Ta wá ni? Èmi tí mi ò mọ̀ ju bọ́tìnì kan lọ?"

Àǹtí mi dúró sẹ́yìn rẹ̀, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wò mí.

Mo ro ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Àyè ni nǹkan yìí rí. Àyè tí mo fi sílẹ̀ ló ń gbé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo dé ibi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo sì tún gbogbo rẹ̀ kọ: ìlà 1, 2, 3, 4, 5, 6. N kò fi àyè tí abẹ́rẹ́ lè gbà kọjá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ó pe mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan. Onímẹ́sàn-án wọlé, ó jáde. Aago dún. Pín. Mẹ́wàá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Onímẹ́wàá wọlé, kò sì pẹ́ tó fi tún jáde. Dókítà ló tì í síta. Dókítà fúnra rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mẹ́sàn-án dà?"

Ẹ-Jókòó dìde. "Ó ti wọlé, sà. Ó ti ń lọ ilé ẹ̀ báyìí."

"Ìkejì ni mò ń bèèrè."

Ó wo bẹ́ǹṣì kan, ó wo èkejì. Ó wá wò mí.

"Kí lo ṣe?"

"Mo tún un ṣe, sà. Kò pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì mọ́."

"Ta ló ní kó o tún un ṣe?"

Mo wo nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ń wo aago ara ògiri.

Dókítà pè mí wọlé. Yàrá náà ṣókùnkùn, iná kò sí níbòmíràn àyàfi lára àtẹ lẹ́tà.

"Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, èyí tó tóbi jù nìkan ni wọ́n rí. Lánàá, wọ́n ti kà á débí." Ó fi ìka kan ìlà tó wà lókè ti ìsàlẹ̀ pátápátá. "Ìlà kan ló kù. Ìgbà yẹn lo wá tilẹ̀kùn mọ́ wọn."

"Ta ni wọ́n, sà?"

Ó nawọ́ sí ìta, síbi tí kọ̀ǹpútà wà. "Dá a padà."

"Sà, èmi kọ́ ni mo fi í síbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ ẹni tó fi í síbẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́."

Mo dá àwọn nọ́ńbà padà sí mẹ́wàá-mẹ́wàá. Mo fi àyè sílẹ̀. A dúró. Nǹkan kan kò wọ ibẹ̀. Dókítà wà lẹ́yìn mi, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Kọ ọ́ fúnra ẹ," ló wí.

Mo kọ ìlà 25. Àṣẹ kan náà ni, ní lẹ́tà ńlá. Dókítà padà sínú yàrá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń tẹ bọ́tìnì láti oókan títí tó fi dé mẹ́sàn-án, ó sì tún un tẹ̀. Pín. Mẹ́sàn-án. Ilẹ̀kùn kò mira.

"Ẹ wọlé," ni Dókítà wí nínú lọ́hùn-ún.

Gbogbo wa ń wo ilẹ̀kùn.

"Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́."

N kò gbọ́ kí àgbà bẹ̀bẹ̀ báyẹn rí.

Nígbà tó jáde, kò pariwo. Ó ní kí n máa lọ, pé òun kò fẹ́ rí mi níbẹ̀ mọ́. Àǹtí mi ju àkísà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Ọmọdé ni. Kò mọ ohun tó ń ṣe."

Èyí ló dùn mí jù. Wọ́n ní mo fi í sí i, n kò fi í sí i. Wọ́n ní kí n yọ ọ́, mo yọ ọ́, ó tún di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó rán mi níṣẹ́ dákẹ́ bí ẹni tó mumi sẹ́nu. Àǹtí mi wá wà lórí eékún nítorí tèmi, lórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, níwájú àwọn aláìsàn. Ohùn kan tí n kò mọ̀ pé mo ní jáde lẹ́nu mi.

"Ẹ dìde, Àǹtí. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́."

Kò dìde. Mo yọ díìsì mi, mo sì kọjú sí ọ̀nà.

Bẹ́ǹṣì kún. Obìnrin olóyún kan dúró, ó fara ti ògiri, ó fọwọ́ mú ìbàdí. Àyè sì wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, àyè èèyàn kan gbáko, láàárín bàbá arúgbó kan àti ọmọdébìnrin kan tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Inú ti bí mi débi pé ojú kò tì mí mọ́.

"Mà, ẹ jókòó síbẹ̀yẹn. Àyè wà."

Ó wo ibi tí mo nawọ́ sí. Ó wò mí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ìgbà tí àgbà bá ń bá ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ wí níwájú àlejò.

"Èèyàn wà níbẹ̀."

Bàbá arúgbó náà fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó ń fún ẹnìkejì rẹ̀ láyè sí i.

"Ẹ má nawọ́ sí wọn," ni ọmọdébìnrin náà wí. "Wọn ò tíì pè wọ́n ni."

Mo wò ó títí. Igi bẹ́ǹṣì nìkan ni mo rí.

Wọ́n kò pè mí padà síṣẹ́. Àǹtí mi ṣì ń lọ. Lálaalẹ́ ló ń sọ fún mi pé kí n lọ tọrọ àforíjì, kí iṣẹ́ yẹn má bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí. Mo bi í pé lọ́wọ́ ta ni kí n ti tọrọ rẹ̀. Ṣé lọ́wọ́ Dókítà ni, àbí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì?

Kò mú èyíkéyìí níbẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti lọ, níbi bẹ́ǹṣì iwájú, òun ń nu ilẹ̀ yí ẹsẹ̀ wọn ká ni.