Ègé Ẹ̀tù Tó Wà Nínú Kúbùsù

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Mo ti pa irọ́ tó pọ̀ láyé mi, mo mọ bí irọ́ ṣe ń dùn lẹ́nu. Èyí kò dùn rárá.

Ìlú Ẹ̀fọ̀n ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Yèyé àgbà kan kú, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀: Priscilla, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àti Bọ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀, tó ń ránṣọ. Kò sí ẹlòmíì. Bí àwọn méjèèjì bá bínú síra wọn, adìyẹ nìkan ló kù tí wọn yóò máa bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tó di pé kí wọ́n pín aṣọ òkú, wàhálà dé. Aṣọ kan ṣoṣo ni wọn ò jà lé lórí: aṣọ òkè ẹ̀tù tí Yèyé fi ṣe ìyàwó, nítorí òun ni wọ́n wọ̀ fún un lọ sí sàréè. Lórí ìyókù, ẹ̀gbọ́n ní òun làgbà, àbúrò ní òun ló tọ́jú Yèyé. Bọ́sẹ̀ ló wá ní kí àwọn gé gbogbo rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí àwọn rán an pọ̀, kí àwọn tẹ́ òwú sí i nínú, kó di kúbùsù kan. Ẹni tí òtútù bá mú jù ni kó máa fi bora. Ọgbọ́n gidi ni. Kò tíì sí ẹbí tó jà lórí òtútù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Bọ́sẹ̀ fi to àwọn ègé náà. Ọgọ́rin ni. Priscilla ló kà á. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì pálọ̀, òwú láàárín, aṣọ funfun nísàlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ rán an já, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì, kí òwú má baà ṣù jọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, Bọ́sẹ̀ ń fọwọ́ tẹ́ ojú kúbùsù náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ègé kan wà níbẹ̀ tí òun kò gé. Ó dúdú, ó ní ìlà funfun tín-ín-rín. Ibi tí eku jẹ nígbà kan rí, tí Yèyé fi òwú pupa dí, wà lára rẹ̀. Wọ́n rán an dáadáa. Ó tiẹ̀ dára ju ìránṣọ Bọ́sẹ̀ lọ, ìyẹn sì dùn ún díẹ̀.

Ẹ̀tù Yèyé ni.

Bọ́sẹ̀ rántí pé òun jáde lọ mu omi kí wọ́n tó kan pósí.

"Sísítà, kí lẹ ṣe nígbà tí mo lọ mu omi lọ́jọ́ ìsìnkú?"

Priscilla wo ègé náà. Ó wo àbúrò rẹ̀.

"Èmi gan-an ló yẹ kí n bi ọ́. Ta ni aránṣọ nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ bọ́ṣọ lára òkú?"

"Bọ́sẹ̀! Ṣọ́ ẹnu rẹ."

Wọ́n lọ bá Ezekiel, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan pósí náà.

"Ẹ̀tù wà lára màmá," Ezekiel ní. "Èmi ni mo tẹ etí rẹ̀ wọlé kí ìdérí tó pàdé. Ìṣó mẹ́rìndínlógún. Kí ló dé? Ṣé nǹkan jáde ni?"

"Rárá," ni àwọn méjèèjì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà ìsìnkú, ohùn wọn kò tíì dọ́gba rí.

Lọ́jọ́ yẹn, ìkòkò méjì ló wà lórí iná, oníkálukú ń se tirẹ̀. Bọ́sẹ̀ fi sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí. Priscilla ń ka àwọn ìlà òwú, ó ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bí ọ̀kan bá wúkọ́, èkejì á dìde wá wò ó.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n fi àgádágodo méjì ti pálọ̀, oníkálukú mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Wọ́n jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ìtọ̀ gbọ̀n wọ́n, kò sẹ́ni tó dìde.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n padà dé. Eruku ọyẹ́ bo ẹnu ọ̀nà. Kò sí ojú ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Ó dúró.

Fìììì.

Ìró náà dákẹ́.

Fìììì.

Bọ́sẹ̀ mọ ìró yẹn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń fi iṣẹ́ ìránṣọ jẹun. Òwú ló ń gba inú aṣọ kọjá.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ègé ẹ̀tù ti di mẹ́rin. Bọ́sẹ̀ ti ọwọ́ bọ abẹ́ kúbùsù náà. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibùsùn tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ó ti ń gbàdúrà pé kó má jẹ́ Priscilla. Àdúrà ti gbà.

"Sísítà, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ jí i."

"Kí lo wí?"

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sáà sọ ọ́."

Ọdún márùndínlógójì ni Priscilla fi na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́.

"Èmi ni. Èmi ni mo jí i."

"Mo ti dárí jì yín."

"O ṣeun, àbúrò mi."

Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n kọ̀yìn sí tábìlì. Lẹ́yìn wọn, òwú tún bẹ̀rẹ̀ sí gba inú aṣọ kọjá.