Olùkọ́ Tó Ń Kí Àga

"Orúkọ ìdílé kan náà ni ìwọ àti Gbohùngbohùn, olùkọ́ ìṣirò wa, ń jẹ́. Ṣé bàbá ẹ ni?"

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbójú sókè. Adúmáadán ń fọwọ́ tún kọ́là aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ṣe. Aṣọ náà ṣì le gbagidi, nítorí òun àti bàbá rẹ̀ ò tíì pé oṣù kan tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọbìnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ náà wọ awò ojú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ. Onígíláàsì ni gbogbo kíláàsì ń pè é.

"Bàbá mi kẹ̀? Rárá o," Adúmáadán dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Nílùú wa, tẹ́ ẹ bá pe orúkọ yẹn láàárín ọjà, èèyàn mẹ́wàá ló máa dá yín lóhùn."

Àwọn náà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Bó ṣe sẹ́ bàbá tó bí i nìyẹn, kó lè ríbi jókòó.

Kì í ṣe pé Adúmáadán ò fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ohùn bàbá náà ló ń tì í lójú. Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá yìí. Ilé-ìwé tó ti pẹ́ jù nílé, ọ̀ọ́kán ibi tí wọ́n ti ń la pákó ló wà. Bí ẹ̀rọ tó ń la pákó bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ kún kíláàsì débi pé àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé. Olùkọ́ tí kò bá lè pariwo níbẹ̀, ara rẹ̀ nìkan ló ń kọ́. Bàbá Adúmáadán pariwo títí ohùn rẹ̀ fi borí ẹ̀rọ, àwọn tó ń la pákó pàápàá máa ń bá àwọn ọmọ dáhùn ìbéèrè láti òdìkejì títì.

Ibi tí wọ́n wá dé yìí ńkọ́? Kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀ kíláàsì, wọ́n pa fèrèsé dé, àwọn ọmọ inú rẹ̀ ò sì ju ogún lọ. Bí bírò bá já bọ́, gbogbo wọn ló máa gbọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá wọlé tó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi!" ọmọbìnrin kan fọwọ́ di etí. Ọmọ mìíràn lọ sọ nílé pé olùkọ́ tuntun ń jágbe mọ́ àwọn, ìyá rẹ̀ sì gbéra, ó di ilé-ìwé. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti sọ olùkọ́ ní Gbohùngbohùn.

Ọ̀gá ilé-ìwé náà, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, pè é sí ọ́fíìsì.

"Ẹ mọ iṣẹ́ yín, mo rí i," ló wí. "Ṣùgbọ́n ohùn yín ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ. Sáà kan la fi ń wo olùkọ́ tuntun ká tó gbà á pátápátá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa rẹ ohùn yẹn sílẹ̀."

Ọwọ́ sáà kan yẹn ni gbogbo nǹkan wà. Bí wọ́n bá gbà á síṣẹ́, àṣẹ tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kékeré máa fi wọ̀lú á jáde. Bí wọn ò bá gbà á, kò sóhun tó jọ ọ́. Adúmáadán mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni màmá rẹ̀ ń pè lórí fóònù.

"Mo ti ra súwẹ́tà o," màmá á wí. "Àbúrò ẹ ń wọ tiẹ̀ káàkiri nínú oòrùn. Mo ní kó bọ́ ọ, ó ní òun ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Màmá á wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè jẹ́ ká máa bọ̀. Ilé yìí ti tóbi jù fún wa."

Bàbá náà ò ṣàì rí i pé ọmọ òun ń sá fún òun. Bí wọ́n bá ti fẹ́ pàdé lójú ọ̀nà kíláàsì, Adúmáadán á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà, ọmọ tó jẹ́ pé orúnkún méjèèjì ló fi ń kí i láràárọ̀ nílé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń jẹun, bàbá ní, "Okùn bàtà ẹ yìí mà ń tú jù o."

Adúmáadán tẹrí ba.

"Kò burú," bàbá wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ti ṣe ọmọdé rí. Tá a bá wà nílé-ìwé, mi ò mọ̀ ẹ́, o ò mọ̀ mí. Tá a bá délé, kó o rántí pé èmi ni mo ni ẹ́ o."

Ara tu Adúmáadán. Ká ní ó wo ojú bàbá rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà, ì bá ti rí i pé ẹ̀rín yẹn ò dé ibẹ̀.

Ní Sátidé kan, bàbá rán an lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tó padà dé, ó bá àwọn àga tí wọ́n fi ń jẹun lórí ìlà láàárín pálọ̀. Bàbá dúró níwájú wọn, táì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣòkòtò tó fi sùn ṣì wà nídìí rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," ó ń kí àwọn àga náà jẹ́jẹ́. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ìwé yín. Lónìí, a fẹ́ mọ bí a ṣe ń..." Ohùn ti gbéra, ó ti di ti iwájú ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Bàbá fọwọ́ gbá ẹnu ara rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Adúmáadán bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ta gìrì.

"Áà! O ti dé? Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Wọ́n á ní bàbá tó ń kí àga, orí ẹ̀ ti dàrú."

"Mi ò ní sọ, Dádì."

"Ṣé lóòótọ́?"

"Lóòótọ́ ni, Dádì. Mi ò ní sọ láéláé."

"Ó dáa, wá jókòó. Ìwọ lo mọ etí àwọn ọmọ yẹn. Bá mi gbọ́ ọ wò, ṣé ó ti lọ sílẹ̀ tó?"

Adúmáadán jókòó sáàárín àwọn àga. Bí ohùn bá fẹ́ gòkè, á na ọwọ́ sísàlẹ̀, bàbá á sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ọjọ́ náà dùn mọ́ wọn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti jẹun tán, wọ́n á to àga. Díẹ̀díẹ̀, ohùn náà balẹ̀. Nínú kíláàsì, ọmọbìnrin tó fọwọ́ di etí lọ́jọ́ kìíní nawọ́ béèrè ìbéèrè. Ọ̀gá pàdé bàbá lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ohùn yín ti ń bá yàrá yìí mu." Nígbà tí bàbá sọ ọ́ fún màmá lórí fóònù, igbe ayọ̀ tí màmá ké ju ohùn àtijọ́ bàbá lọ.

Àmọ́ ní ti bẹ́ǹṣì, ẹ̀fẹ̀ Gbohùngbohùn ò tíì tán. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn ń sín in jẹ lọ́jọ́ kan, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Adúmáadán ò lè pa á mọ́ra. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ló wí. Ó dìde, ó fa àyà yọ, ó sì sín bàbá rẹ̀ jẹ láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò sí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò ó báyẹn láti ìgbà tó ti dé ìlú yẹn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ló wá a wá. Wọ́n ti gba àyè sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀fẹ̀ kan kì í dùn títí. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ẹ̀rù ba Adúmáadán pé wọ́n á tún gbàgbé òun. Ó wá ohun tuntun nínú orí rẹ̀, ohun tó sì rí níbẹ̀ ni pálọ̀ ilé wọn. "Ẹ ò tíì rí nǹkan," ló wí. "Ṣé ẹ mọ̀ pé ó máa ń to àga sílẹ̀ nílé, tó ń kọ́ wọn níṣẹ́? 'Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí ìwé yín.' Á wá gbá ara ẹ̀ lẹ́nu, báyìí!"

Àwọn méjì ṣubú lura wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Onígíláàsì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Dúró ná," ó wí. "Báwo lo ṣe mọ ohun tó ń ṣe nínú pálọ̀ ẹ̀?"

Adúmáadán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀.

"Bàbá ẹ ni," Onígíláàsì wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni," Adúmáadán bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò ní sọ láéláé. Bí òun náà ṣe sọ fún bàbá rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nígbà tó ṣe, ọ̀gá wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wo bí olùkọ́ ìṣirò ṣe ń ṣiṣẹ́. Bàbá wọlé, ó kí wọn jẹ́jẹ́, ó kọjú sí pátákó. Bó ṣe ń kọ̀wé lọ́wọ́ ni ọmọkùnrin kan láàárín wọn ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àga." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mìíràn náà gbè é, ó ń kí àga tó jókòó lé lórí, ó sì gbá ara rẹ̀ lẹ́nu.

Bàbá yíjú padà. Kò wo ọmọkùnrin náà. Adúmáadán, tó jókòó láàárín wọn, ló wò. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa àga nínú gbogbo ìlú yẹn, bàbá sì ti mọ ẹni tó sọ ọ́. Ni bàbá bá kọjú sí pátákó padà. Ó fi ìwé kíkọ parí ẹ̀kọ́ náà láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ojú ti Adúmáadán débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Nílé, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ lù mí."

"Kí n lù ẹ́ ṣe kí ni? Dìde nílẹ̀." Bàbá jókòó, ó tú táì rẹ̀. "Mi ò bínú. Ó dùn mí ni. Àwọn ọmọ yẹn lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ara iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n inú ilé yìí ni mo ti ń sinmi lọ́wọ́ wọn. Ìwọ lo wá ṣílẹ̀kùn fún wọn."

Wọn ò to àga mọ́. Nígbà tí Adúmáadán ní kí àwọn tún máa ṣe é, bàbá ní, "Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi." Ohùn rẹ̀ nínú kíláàsì wá lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀ jù. Ọmọbìnrin tó fọwọ́ di etí níjọ́sí ló tún ń sọ pé òun ò gbọ́ nǹkan tí olùkọ́ ń wí.

Adúmáadán lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì, ó sì sọ gbogbo ohun tó ṣe pẹ̀lú omi lójú. Ọ̀gá tẹ́tí sí i tán.

"Inú mi dùn pé o sọ òtítọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí olùkọ́ wọn ń sọ. Mo ti bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn ẹ̀ ti kúrò níbẹ̀."

Nígbà tí sáà parí, wọn ò gba bàbá síṣẹ́. Ó rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tó ti ń to páálí jọ, kí ọmọ rẹ̀ lè parí ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ yẹn ò fún un láyè láti mú ìyàwó wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ilé-ìwé sọ fún un ló pe màmá.

"Wọn ò gbà mí," ló wí. "Ohùn mi ló fà á. Kò bá ibí mu."

"Ohùn tí mo torí ẹ̀ fẹ́ ẹ!" màmá wí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Bàbá ò dárúkọ ọmọ rẹ̀ rárá. Nígbà tí màmá nu imú tán, ó ní, "Gbé fóònù fún ọmọ mi."

Adúmáadán gbà á.

"Ọmọ mi, bá mi tọ́jú bàbá ẹ dáadáa o," màmá wí. "Níbi tẹ́ ẹ wà yẹn, ìwọ nìkan ló ní."

"Mọ́mì, èmi ni!" Ẹkún gba Adúmáadán lẹ́nu. "Kì í ṣe ohùn wọn. Èmi ni mo sẹ́ wọn, èmi ni mo tú àṣírí wọn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi." Ó ro gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́.



"Mo ti ń ka ọjọ́ tí màá rí ẹ," màmá wí. "Mi ò mọ ọjọ́ wo ni mọ́." Ó sì pa fóònù.

Màmá pè padà lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ti dárí jì í. Bàbá náà ti dárí jì í tipẹ́, ó sì sọ ọ́ fún un lójúkojú. Ìdáríjì ò dá iṣẹ́ padà, kò sì gbé màmá wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀rín ọ̀rẹ́ máa ń dùn, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ má fi àṣírí àwọn tó bí yín rà á. Àwọn tí ẹ pa lẹ́rìn-ín á rí nǹkan mìíràn rẹ́rìn-ín sí lọ́la. Ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ tú àṣírí rẹ̀ lẹ jọ máa padà sílé.