Máṣìnnì Ẹ̀yìnkùlé Díákónì

Sábó l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni Mashood ti kọ́kọ́ rí Leah. Bàtà ọmọbìnrin náà já, ó gbé e lọ́wọ́, ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mashood, mẹkáníìkì ọmọ Ọ̀yọ́, ní kó gun ẹ̀yìn máṣìnnì òun. Kí wọ́n tó dé Ọjà Igbó, ìfẹ́ ọmọ náà ti kó sí i lórí.

"Ẹ jẹ́ n sọ̀ níbí," Leah ní. "Bàbá mi ò gbọdọ̀ rí wa."

Odidi ọdún kan ni Mashood fi ń wá ní gbogbo Sátidé, Ọjà Igbó náà sì ni Leah ń sọ̀ sí. Nígbà tó sú Mashood, ó gun máṣìnnì dé ẹnu ọ̀nà baba Leah, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Díákónì ni baba náà ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi.

"Ọmọ mi ò ní fẹ́ ìmàle," baba ní. Ó fi ṣéènì so máṣìnnì mọ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé. "Fẹsẹ̀ rìn lọ. Bó bá rẹ̀ ọ́ dáadáa, o ò ní padà wá."

Mashood ìbá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n ta ní í fọlọ́pàá mú ẹni tó fẹ́ kó di àna òun? Ó fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀yọ́. Ó rí ọkọ̀, kò wọ̀ ọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi Leah fún Philip, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mashood náà fẹ́yàwó, àmọ́ ìyàwó kọ̀ ọ́, torí orúkọ ẹlòmíràn ló ń pè lójú oorun.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọjá. Díákónì kú, Philip náà kú. Ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Mashood l'Ọ́yọ̀ọ́, Leah sì sọ̀ nínú rẹ̀.

"Àmọ̀kẹ́," Mashood ní. Oríkì Leah nìyẹn, orúkọ tó ń pè lójú oorun.

"Ẹrù yín ni mo gbé wá, Bọ̀ọ̀dá Mashood. Ṣé ó ṣì lè dìde?"

Máṣìnnì rẹ̀ àtijọ́ ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ti gan pa. Gbogbo bóòtù ti dípẹtà, sípánà ò rí nǹkan dì mú. Saifudeen, mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní kó tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mashood wọ́ máṣìnnì náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó po epo dísù mọ́ ọ́ìlì, ó rọ ọ́ sórí písítìnì tó há sínú ẹ́ńjìnnì láti ojú ihò pọ́lọ́ọ̀gì, ó fi àkísà dí i.

Gbogbo Jímọ́ọ̀ ni Leah ń wá wò ó.

"Ẹ kúkú fi òòlù lù ú."

"Á fọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Leah ní, "Àwa náà fẹ̀sọ̀ mú tiwa. Ṣé kò bàjẹ́?"

Mashood tún rọ ọ́ìlì sí i.

Ní Jímọ́ọ̀ keje, ó fi iná mú àwọn bóòtù gbóná, ó tú wọn, ó ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Ó gbé igi lé písítìnì, ó fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ̀, bí èékánná báyìí. Leah pariwo, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú tòun ti ọ́ìlì.

"Jẹ́ kí n fẹ́ ọ, Àmọ̀kẹ́. Ẹni tó ní kí n fẹsẹ̀ rìn ti lọ."

Omijé bọ́ lójú Leah. "Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. N ó bá àwọn ọmọ mi sọ ọ́."

Ó tún gbà tó oṣù kan kí máṣìnnì tó dún. Lọ́jọ́ náà, Mashood wọ bùbá tuntun, Leah gun ẹ̀yìn rẹ̀, ó fọwọ́ gbá a mú. Lójú Mashood, ẹnu ọ̀nà ilé wọn l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni òun ń gbé e lọ lónìí, lójú gbogbo ayé. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ títí wọ́n fi dé Ọjà Igbó. Leah fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ẹ jẹ́ n sọ̀ níbí."

"Àmọ̀kẹ́, Bàbá ti kú."

"Jésùtófúnmi ọmọ mi wà nílé. Ó ní bí mo bá fẹ́ ìmàle, kí n má pe òun lọ́mọ mọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti sọ ọ́."

"Kí ló dé tó o fi jẹ́ kí n tún un ṣe tán?"

"Kí ẹ lè rí nǹkan gùn lọ sílé lọ́tẹ̀ yìí."

Ó sọ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ń lọ. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí Mashood ò rí gèlè náà mọ́ láàárín èrò, ó yí orí máṣìnnì sọ́nà Ọ̀yọ́.