Oníbàárà Tí Kì Í Mí

Téèpù náà ò mì.

Fẹ̀sọ̀ tún un fà yí àyà ọkùnrin náà ká. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mí sínú."

"Mo ti mí."

"Ẹ wá mí síta."

"Mo ti mí síta náà."

Ẹ gbọ́ ná. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ń wọn àyà ẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ì báà jẹ́ arúgbó, téèpù á máa rọra sún lábẹ́ ìka télọ̀, á lọ, á bọ̀, bí ikùn ológbò tó ń sùn. Ti ọkùnrin yìí dúró gbagidi, bíi pé ilẹ̀kùn ni wọ́n ń wọ̀n. Ó sì tutù! Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn ń jó páànù lórí wọn, ọrùn Fẹ̀sọ̀ ń làágùn, àmọ́ ìka tó fi kan àyà ọkùnrin yẹn tutù bí ìka ẹni tó ń wá ẹran nísàlẹ̀ fìrísà.

"Ìyá yín ló máa ń ránṣọ fún mi tẹ́lẹ̀," ọkùnrin náà sọ, ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. "Ọwọ́ yín jọ tiwọn. Àfi pé ọlọ́wọ́ òsì ni tiwọn, ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ wọn máa ń dà sí òsì."

Òótọ́ ni. Ara fu Fẹ̀sọ̀. Ìyá ẹ̀ ti kú tipẹ́, láti ìgbà tí òun fúnra ẹ̀ ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọkùnrin yìí ò sì ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Ìgbà wo ló wá dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń rán kóòtù fún?

Àdúgbò ló sọ ọ́ ní Fẹ̀sọ̀. Oníbàárà tó bá ti ń kán an lójú, "Ẹ fẹ̀sọ̀, ẹ fẹ̀sọ̀" ló máa gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ títí aṣọ á fi jáde. Kì í kọ ìwọ̀n ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí ìyá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: tó bá ti wọ̀n ẹ́ tán, á gé pépà búráwùn bí ara ẹ ṣe rí, á fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Tó o bá pẹ́ kó o tó padà wá, á gbé pépà ẹ lé ẹ lára, á bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó ń tọ́jú yín o!" Ara lè gbàgbé ara ẹ̀, pépà kì í gbàgbé.

Ó gé ti ọkùnrin náà, ó fi kọ́. Ó gba aṣọ aláwọ̀ eérú tó gbé wá. Ọkùnrin náà ò lọ. Ó sún mọ́ ọn, ó rọra gbé ọwọ́ lé abẹ́ ìhà ọ̀tún Fẹ̀sọ̀, bí onílé ṣe ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé ẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí dókítà bá yín sọ láàárọ̀ yìí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ má dá a lóhùn. Ohun tó sùn, ta ló ń jí i?"

Píìnì já bọ́ lẹ́nu Fẹ̀sọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kódà, kò sọ fún ìyàwó ẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé ó fẹ́ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́jẹ̀, ni wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ṣeé lò. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, wọ́n tún un ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni dókítà wá jókòó tì í, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ sílípáàsì nínú ọ́fíìsì.

"Kòkòrò kan wà nínú ẹ̀dọ̀ yín," ó ní. "Ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó lè jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín."

"Dókítà, mi ò ṣàìsàn o. Mò ń jẹun, mò ń sùn."

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í kan ilẹ̀kùn. Ẹ wò ó, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in la máa ń fún lóògùn lójú ẹsẹ̀. Àwọn míì, a kàn ń ṣọ́ wọn ni. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ tiyín ti ń ní àpá. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́, màá ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀."

"Ìgbà wo ni màá lò ó tán?"

"Ẹ lè má lò ó tán. Kò ní lé e jáde, á kàn dè é mọ́lẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ó lè fi ìbínú dìde. Ẹ mú ìyàwó àti ọmọ wá fún àyẹ̀wò. Tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà tí ò ní jẹ́ kó wọlé."

Oògùn tí kì í tán! Fẹ̀sọ̀ ro ó títí tó fi dé ṣọ́ọ̀bù. Tí télọ̀ bá gba aṣọ yín, tó ní òun á máa rán an títí ẹ ó fi kú, kí lẹ máa pè é? Olè ni kẹ̀! Ó ju ike oògùn tí dókítà fún un sínú agolo bọ́tìnì, ó dé e. Kò tíì jókòó dáadáa tí ọkùnrin tí kì í mí yìí fi wọlé.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá wọ kóòtù wò, kóòtù ò gbà á. Èjìká ẹ̀ ti fẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti kún, ara ẹ̀ ń dán. Pépà tó wà lórí ìṣó ti kéré jù fún un. Fẹ̀sọ̀ gé òmíràn.

"Ẹ ti ń sanra, sà."

"Ibi tí mò ń gbé tù mí lára."

Bó ṣe ń jáde, ìyàwó Fẹ̀sọ̀ wọlé láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó ti ń dirí. Kọ́ǹbù ṣì wà nínú irun ẹ̀.

"Bàbá Màdáàmù, ẹ̀gbọ́n yín wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yẹn?"

"Mi ò ní ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ má parọ́! Ojú yín ni, imú yín ni. Òun ló kàn ń jẹun kánú. Ẹ wo ṣòkòtò yín bó ṣe ń wá ilẹ̀ kiri. Télọ̀ tí ṣòkòtò ẹ̀ ń já bọ́! Ta ló máa gbé aṣọ fún yín?"

Ó rẹ́rìn-ín lọ. Fẹ̀sọ̀ bojú wo bẹ́líìtì ẹ̀. Ihò tó kẹ́yìn ló wà. Ó wá rántí pé pépà ti ara òun náà wà lórí ìṣó láti ọdún tí àwọn ṣègbéyàwó. Ó já a, ó gbé e lé pépà tuntun tó gé fún ọkùnrin yẹn.

Etí kan etí. Kò fi ojú abẹ́rẹ́ kan yàtọ̀.

Ẹ rò pé ó sá lọ bá dókítà? Rárá o. Ó ń fura sí dókítà, ó ń fura sí oníbàárà, ó wá kúkú jókòó sáàárín méjèèjì bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ara ò sáà dùn ún. Ohun tó sùn, ta ló ń jí i?

Ìgbà tí ọkùnrin náà tún dé, ó gba kóòtù ńlá, ó wọ̀ ọ́. "Ẹ bá mi rán kékeré kan sí i."

"Fún ọmọ yín ni, sà?"

"Fún èmi náà ni. Ibòmíràn tí mo fẹ́ máa gbé, àyè ibẹ̀ ò tíì tóbi."

Ó fọwọ́ júwe ẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, èjìká níbí, gígùn níbí, ó lọ. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Fẹ̀sọ̀ gé e, ó so ara ẹ̀ pọ̀, apá méjèèjì ló kù nígbà tí ọmọ ẹ̀ obìnrin já wọlé láti ilé ìwé. Màdáàmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé ó máa ń fọwọ́ sí ìbàdí bá àgbà wí. Kí Fẹ̀sọ̀ tó yíjú, ó ti gbé kóòtù náà wọ̀.

"Dádì, tèmi ni! Ẹ wò ó, ó bá mi mu!" Ó wá gbọ̀n. "Dádì, kí ló dé tó tutù?"

Ó bá a mu régí. Fẹ̀sọ̀ já a bọ́ lára ẹ̀ tipátipá, ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó fa fóònù yọ, ó pe Àǹtí, àbúrò ìyá ẹ̀, tí wọ́n jọ ń ránṣọ láyé ọjọ́un.

"Àǹtí, kí ló pa màámi gan-an?"

"Ayé ni! Ikùn wú, funfun ojú pọ́n rúsúrúsú. Ayé ló ṣe ìyá ẹ, ṣé kí n fi orin kọ ọ́ fún ẹ ni?"

"Ṣé wọ́n ní oníbàárà kan tó máa ń gbé aṣọ aláwọ̀ eérú wá?"

Fẹ̀sọ̀ wo ojú fóònù bóyá ó ti já. Kò já.

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ohùn Àǹtí ti di ti ọmọdé. "Èmi ni mo máa ń bá a di etí téèpù mú. Ọkùnrin yẹn kì í mí. Mo sọ fún ìyá ẹ, ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́. Nígbà tí wọ́n ní kó máa wá sílé ìwòsàn kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ ẹ̀, òun ló ní kó má lọ. Ó tiẹ̀ ní kó rán kékeré kan fún òun, nígbà tí oyún ẹ wà nínú."

"Ṣé wọ́n rán an?"

"Wọ́n rán an. Ọjọ́ tí wọ́n bí ẹ la wá a, a ò rí i mọ́."

Fẹ̀sọ̀ fọwọ́ kan abẹ́ ìhà ọ̀tún ara ẹ̀. Ó mọ ibi tí aṣọ náà wọ̀.

Ó gbé agolo bọ́tìnì lọ bá ìyàwó ẹ̀, ó ṣí i, ó sọ gbogbo ẹ̀. Obìnrin náà ò sunkún.

"Agolo bọ́tìnì," ó ní. "Ẹ kó ẹ̀mí èmi àti ọmọ mi sáàárín bọ́tìnì."

"Ara ló ń fu mí. Oògùn tí kì í tán..."

"Ara fu yín sí ẹni tó sọ gbogbo ẹ̀ fún yín lójú kojú, ara ò fu yín sí ẹni tí kì í mí! Ọkọ mi, ẹ dìde. Ẹ dìde ká máa lọ."

Àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Dókítà fi ọwọ́ nu ojú ara ẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Wọ́n gún àwọn méjèèjì lábẹ́rẹ́, Màdáàmù sì ké bíi pé wọ́n fẹ́ gé e lápá. Nọ́ọ̀sì ní ó ṣì ku òmíràn, wọn ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọjọ́ ẹ̀ kọjá. Níbẹ̀ ni Fẹ̀sọ̀ ti gbé hóró oògùn àkọ́kọ́ sẹ́nu, ó fi omi lé e.

Kò pẹ́ tí ọkùnrin náà fi dé. Kóòtù ti tóbi mọ́ ọn lára, èjìká ẹ̀ ń yọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ bá mi dín in."

Fẹ̀sọ̀ fa téèpù yí i ká. Lọ́tẹ̀ yìí, téèpù mì. Ó ń gbọ̀n.

"Ẹ ti dè mí," ọkùnrin náà sọ.

Fẹ̀sọ̀ kó píìnì sẹ́nu.

"Kò burú. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ọjọ́ kan á wà tẹ́ ẹ máa gbàgbé."

"Kékeré yẹn ńkọ́? Ṣé kí n tú u?"

"Ẹ má tú u. Ẹ fi kọ́ síbẹ̀."

Ìyàwó ẹ̀ ní kí àwọn dáná sun ún. Ìṣáná tán nínú páálí, aṣọ náà ò tiẹ̀ gbóná. Wọ́n bá dá a padà sórí ìṣó, láìní apá, eruku ń bò ó. Ọkùnrin náà ń wá, Fẹ̀sọ̀ ń bá a dín kóòtù, ó ń tín-ín-rín sí i. Bẹ́líìtì Fẹ̀sọ̀ padà sí ihò ẹ̀ àtijọ́. Ọkàn ẹ̀ wá balẹ̀. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀ jù.

Ó rìnrìn àjò lọ ra aṣọ, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ọ̀nà ló wà tó fi rántí pé òun fi ike oògùn sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ ló wọ̀lú. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìmọ́lẹ̀ sì wọlé dé orí ògiri.

Kò sí eruku lára kóòtù kékeré náà mọ́. Ó ti ní apá kan.

Fẹ̀sọ̀ sún mọ́ ọn, ó fi ìka tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti so apá náà mọ́ èjìká. Ọwọ́ ni wọ́n fi rán an. Ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀ mọ́, ó wà létòlétò, gbogbo ẹ̀ pátá ló sì dà sí òsì.

Ìgbà yẹn ló rántí abẹ́rẹ́ kejì Màdáàmù, tí ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá. Ó tú ike oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé hóró kan mì láìsí omi. Kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré lọ sílé, ó gbé ọmọ tó ń sùn kọ́ èjìká, ó sì sáré gba ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó ń fi etí sí àyà ọmọ náà bó ṣe ń lọ, ó ń gbọ́ bóyá ó ń mí.