Ìdákẹ́ Tí Mo Gbà Nínú Ilé Òfìfo

Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú fíìmù tí mo bá wọn ṣe, wọ́n sì fi orúkọ ẹlòmíràn síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ sọ, n kò sì ní bu iyọ̀ sí i. Gbogbo kíláàsì wa wà níbẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀. Etí gbogbo wa ló gbọ́ ọ, kì í ṣe tèmi nìkan.

Àwa mẹ́rin ni olùkọ́ fi sí ẹgbẹ́ kan. Ó ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù adẹ́rùbani, irú èyí tí apààyàn máa ń fi ọ̀bẹ lé èèyàn kiri. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kì í ṣe odindi. Lẹ́yìn náà, a ó gbé e síwájú kíláàsì àti àwọn òbí, a ó sì fi ẹnu ara wa sọ ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó.

Olùdarí là ń pe ẹni tó ń pàṣẹ fún wa. Ó fẹ́ràn orúkọ náà débi pé kì í dáhùn sí òmíràn mọ́, àní nídìí oúnjẹ. Onífọ́tò ló di kámẹ́rà mú. Arẹwà ló ṣe ọmọbìnrin tí apààyàn ń lé. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ehoro, nítorí íafóònù ràgàjì tí mo máa ń dé bo etí. Iṣẹ́ ohùn ni tèmi.

Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ ohùn. Ọ̀bẹ wa, páálí la fi gé e. Ẹ̀jẹ̀ wa, omi ṣúgà àti àwọ̀ pupa ni. Bí ẹ bá wo àwòrán náà láìsí ohùn, ẹ̀rín ni yóò pa yín. Èmi ni mo gún kábéèjì lọ́bẹ kí ó lè dún bí ẹran ara. Èmi ni mo wọ bàtà ìyá mi, tí mo fi rìn lórí pákó. Igbe Arẹwà kò ju ti adìẹ lọ, nítorí náà mo wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ké e fúnra mi títí ohùn mi fi há.

Ilé kan wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ilé ìdáná ibẹ̀ la ti ya fíìmù náà, lọ́sàn-án gangan, a fi aṣọ dúdú bo fèrèsé. Nígbà tí a parí, mo ní kí wọ́n má tíì lọ. Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mi gba ìdákẹ́ yàrá náà sílẹ̀.

"Ìdákẹ́ kẹ̀?" Onífọ́tò ní. "Ehoro, ṣé o fẹ́ rọ afẹ́fẹ́ sínú ìgò ni?"

Kò sí yàrá méjì tí ìdákẹ́ wọn jọra. Páànù òrùlé ibì kan á máa ta, omi á máa kán níbòmíràn. Ẹni tó bá ń ṣe ohùn gbọ́dọ̀ gba ìdákẹ́ ibi tó ti ṣiṣẹ́, kí ó tẹ́ ẹ sábẹ́ fíìmù bí ẹní. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àlàfo á wà, etí á sì mọ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn dúró bí igi. Iná pupa tàn lára ẹ̀rọ.

Mo gbọ́ òrùlé. Mo gbọ́ omi tó ń kán. Lábẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ àwọn kan.

Wọ́n jìnnà. Ó dà bí ìgbà tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri, tí wọn ò fẹ́ kí ẹni tó ń sùn jí. Mo wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ mi. Gbogbo rẹ̀ wà ní pípadé.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" mo béèrè.

"Ìwọ ni," Olùdarí ní. "Jẹ́ ká lọ jàre, ebi ń pa mí."

Mo jáde lọ wò. Kò sí ilé míràn nítòsí. Koríko nìkan ni, kò sì mì. Mo ní bóyá ẹ̀rọ ló ti gbó. Mo tẹ́ ìdákẹ́ náà sábẹ́ fíìmù, ó lọ sílẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Mo wà lórí ibùsùn nígbà tí olùkọ́ yẹ iṣẹ́ wa wò, tó ní ohùn rẹ̀ ló dára jù nínú ti gbogbo kíláàsì. Ó béèrè ẹni tó ṣe é. Olùdarí ní òun ni. Àwọn méjì yòókù wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.

Ẹni tí mo sọ fún pé èmi ni mo ṣe ohùn fíìmù náà ni ìyá mi. Aránṣọ ni. Ó ti ròyìn fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé orúkọ ọmọ òun máa hàn lára ògiri. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa lọ́sàn-án ọjọ́ tí a máa fi fíìmù náà hàn. Ó jókòó síwájú pátápátá, ó fi etí ìró nu awò ojú rẹ̀ kí wọ́n tó pa iná.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Bàtà ń bọ̀ lórí pákó. Ọmọbìnrin náà yíjú padà. Igbe ta. Ẹnì kan lẹ́yìn wa kígbe pé "Yéè, mo kú!" Ìyá mi fọwọ́ gbá mi nítan, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Ohùn: orúkọ Olùdarí. Iná tàn.

"Màmá mi," ìyá mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi, bó ṣe máa ń pè mí, "ṣé ó ti kọjá ni? Àbí awò yìí ni?"

Mo tẹjú mọ́ ògiri. Obìnrin tó jókòó tì wá bi í pé, "Ìyá, èwo ni tọmọ yín níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀," ìyá mi ní. "Ojú mi ni ò yára."

Ó purọ́ nítorí mi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Èmi tí wọ́n rẹ́ jẹ lojú ń tì, ojú kò ti ẹni tó rẹ́ mi jẹ. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí sókè sódò, kò yé mi títí di òní.

Olùdarí dìde láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ wa. Ó ní àwòrán dára, ó ní ọ̀bẹ kò dán tó. "Ní ti ohùn, mo sa gbogbo ipá mi."

"Kí lo gún?" olùkọ́ béèrè.

"Ẹran ni, sà."

Kábéèjì ni mo gún, kì í ṣe ẹran.

"Ìdákẹ́ ilé ìdáná yẹn ńkọ́? Ó jọ pé nǹkan kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Ìdákẹ́ lásán ni, sà."

"Jẹ́ ká gbọ́ ọ."

Olùkọ́ pa ohùn igbe lórí kọ̀ǹpútà, ó pa ti bàtà, ó ṣẹ́ ìdákẹ́ nìkan kù. Ó wá gbé e sókè dé òpin. Òrùlé. Omi. Lẹ́yìn náà, ketekete:

"Yọ orúkọ rẹ̀." Ohùn Olùdarí ni.

"Ó máa bínú o." Ohùn Arẹwà.

"Á sunkún, á sì dákẹ́. Ṣebí ìdákẹ́ niṣẹ́ rẹ̀."

Onífọ́tò rẹ́rìn-ín nínú ohùn náà. Omi tún kán. Nígbà náà ni ohùn kan sọ̀rọ̀, ó sún mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni pé ètè rẹ̀ kàn án. Kì í ṣe ti ọkùnrin, kì í ṣe ti obìnrin.

"Mo gbọ́."

Olùkọ́ pa á lójijì. Ìyá mi yọ awò ojú rẹ̀.

"Òun ló ṣe é!" Olùdarí kígbe. "Ó gbé ẹ̀rọ pamọ́ tì wá ni, ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíìmù kó lè bà mí lórúkọ jẹ́!"

Gbogbo ojú yí sí mi. N kò jẹ̀bi, síbẹ̀ ara mi gbóná bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi olè. Mo mú káàdì ẹ̀rọ mi tí ohùn wà lórí rẹ̀ jáde nínú àpò mi, káàdì tí mo lò nínú ilé òfìfo gan-an. Mo fún olùkọ́, ó fi í sínú kọ̀ǹpútà. A gbọ́ mi tí mo ní kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́. A gbọ́ òrùlé àti omi. A gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, títí dé "Mo gbọ́." Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn mi tún jáde: "Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Olùdarí sì dá mi lóhùn nínú káàdì: "Ìwọ ni. Jẹ́ ká lọ jàre, ebi ń pa mí."

Onífọ́tò bú sẹ́kún. "Sà, a sọ ọ́. Lóòótọ́ la sọ ọ́. Àmọ́ ìgbà tí ibà ń ṣe é ni, nínú yàrá kọ̀ǹpútà níbí. A ti kúrò nílé yẹn tipẹ́."

"Ta ló wá ní òun gbọ́?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn, sà. Àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀."

Olùkọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀. Kò wo Olùdarí rárá. Èmi ló wò. "Ehoro, màá dá orúkọ rẹ padà. Ká pa ìdákẹ́ yìí rẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí sínú yàrá yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ wa lórúkọ."

"Màmá mi," ìyá mi ní, "jẹ́ ká máa lọ."

N kò bá olùkọ́ jà. N kò sunkún. Mo gba káàdì mi padà, mo gbé ẹ̀rọ mi sáàárín yàrá, mo dé íafóònù, mo sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dákẹ́," mo ní. "Mo fẹ́ gba ìdákẹ́ yàrá yìí."

Olùkọ́ lanu, ó tún pa á dé. Ìyá mi wò mí títí, ó padà jókòó. Kò sẹ́ni tó mira. Iná pupa tàn.

Mo gbọ́ fáànù. Mo gbọ́ àga kan tó ń han. Lábẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ ohùn olùkọ́, ó rọra ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó ń dárúkọ mi. Mo wo ẹnu rẹ̀. Ó wà ní pípadé; kò tíì sọ ọ́.

Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gbà á lọ.