Ọwọ́ Tí Wọ́n So Mọ́ Wàláà

Khàlíl ń ṣe àlùwàlá ìrun àárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Alabar, ní Kumasi ní Ghana. Ó da omi bútà sọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lọ sójú, ni ìka òrùka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá gún un lẹ́yinjú. Ó ju bútà sílẹ̀, omi sì ṣàn lọ.

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí," ni Sàwúdátù ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ má fi ọwọ́ ọ̀tún bọ́jú mọ́, Baba Àmírà."

"Ṣé ọwọ́ òsì ni kí n wá máa fi ṣe gbogbo nǹkan láyé mi?"

"Ojú ni mo ní kí ẹ fi bọ́. Mi ò ní kí ẹ fi jẹun."

Inú ń bí i. Inú ń bí Sàwúdátù náà, nítorí ó pẹ́ tó ti ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ló sì ń rí.

Káfíńtà ni Khàlíl ní Anloga Junction, ọdún kan ló kù kó pé ọgọ́ta. Ọdún méje sẹ́yìn ni kókó kékeré kan yọ ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, nísàlẹ̀ ìka òrùka. Kò dùn ún. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín, ó ní káfíńtà tí kò bá ní kókó lọ́wọ́, ọ̀lẹ ni. Ọdún márùn-ún ni kókó náà fi jókòó jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan nà jáde lábẹ́ awọ bí okùn, láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìdí ìka, ìka òrùka sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Láàárín ààwẹ̀ èṣí sí ti ọdún yìí, ìka kékeré ti bá a tẹ̀, àwọn méjèèjì sì wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò nà mọ́. Àtọ̀gbẹ wà lára ọkùnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, bó bá sì ṣe wù ú ló ń lo oògùn rẹ̀.

Ní Kumasi, ọwọ́ ọ̀tún lèèyàn fi ń kí èèyàn. Ẹni tó bá na òsì ti bú ẹni tó ń kí. Nítorí náà, Khàlíl bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìkíni. Bí wọ́n bá kírun tán, á ti kó bàtà rẹ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni ẹnu àwọn èèyàn ti ráyè.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, òun àti ẹnì kejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ jà nítorí pákó kan. Kí ìjà lè parí, Khàlíl gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Kùránì, ó búra pé òun lòun ni ín. Òótọ́ ló sì sọ, ojú Sàwúdátù ni wọ́n ṣe já pákó náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìka tẹ̀, ìtàn mìíràn bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà Sàwúdátù kan, níbi tó ti ń ta abọ́ àti ìkòkò, wò ó lójú, ó ní, "Sàwúdá, wo kunu nsa no deɛ, ɛyɛ asɛm o. Ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ọwọ́ ọkọ rẹ. Ọwọ́ tó fi búra kúkú ni."

Sàwúdátù gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ. Ohun tó tún dùn ún jù ni pé ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rù. Ó ti ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ó jẹ̀bi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àáfà Hàbíbùlláhì wọlé dé. Ẹ̀gbọ́n Khàlíl ni, àgbà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, tó sì ń wẹ òkú, tó ń sin ín. Ó gbé wàláà, pákó tí wọ́n ń kọ kéwú sí, lọ́wọ́, ó gbé okùn.

"Mo mọ̀ pé o ò búra èké," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti dé mọ́sálásí. Iṣan ọwọ́ rẹ ló gbẹ. A ó kọ Kùránì sára wàláà, a ó tẹ́ ọwọ́ rẹ lé e, a ó so ó fún ogójì ọjọ́. Kí ó tó pé, á ti nà."

"Àáfà, ẹ jẹ́ kí Mùnírà kọ́kọ́ wò ó," ni Sàwúdátù wí. Mùnírà ni ọmọ Àáfà fúnra rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan ní Santasi.

"Mùnírà wo? Èmi tí mo kọ́ ọ ní álífù? Ìyàwó wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún wa."

Ó fi í sílẹ̀ fún wọn. Títí dòní, bó bá rántí, àyà rẹ̀ máa ń gbóná, nítorí ó mọ̀ pé òun lè kígbe lọ́jọ́ náà, òun ò sì kígbe. Wọ́n fi agbára tẹ ìka méjèèjì lélẹ̀, Khàlíl ń lagùn, wọ́n sì fi okùn yí i láyìí-tún-yí.

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ń tú u fún àlùwàlá. Ìrora náà pọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Àáfà ní kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ tú u mọ́, pé bí ẹni tó fi aṣọ di egbò ṣe máa ń fi ọwọ́ tó rin fún omi nu orí aṣọ náà nígbà àlùwàlá, kí Khàlíl ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìdẹ̀rùn ni ẹ̀sìn ṣe fún aláìsàn lóòótọ́. Wọ́n wá fi ìdẹ̀rùn náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọwọ́ kan. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni omi ń bọ́ sórí okùn tí ẹnikẹ́ni kò tú wò, lára ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Sàwúdátù gbóòórùn nǹkan nínú yàrá. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì, ó wá eku tó kú, kò rí i. Ó wá sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ọwọ́ náà ń dùn yín?"

"Rárá. Kò dùn mí mọ́ rárá. Àdúà ti ń ṣiṣẹ́."

Sàwúdátù kò bá a jiyàn. Ó gbé fóònù, ó pe Santasi.

Mùnírà wọ tròtrò, ọkọ̀ èrò, dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé okùn náà. Ìka kékeré ti dúdú láti oríkèé dé orí, egbò sì la àtẹ́lẹwọ́. Khàlíl gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí Mùnírà ṣe ń kó okùn náà kúrò ni bàbá rẹ̀ wọlé.

"Ta ló ní kí o tú u? Ó ṣì ku ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Baba, ẹ wá wò ó."

"Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ ni."

"Mo ní kí ẹ wá wò ó, Baba. Ẹ sún mọ́ ọn."

Àáfà sún mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló jáde lọ dá táàsì dúró. Wọ́n wọ táàsì, ó di ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà tó wò ó gbé ojú sókè, ó fi Twi bèèrè ẹni tó ṣe èyí. "Hwan na ɔyɛɛ yei?"

"Me ara," ni Àáfà dáhùn. Òun ni.

Nígbà tí wọ́n gbé Khàlíl wọlé, Sàwúdátù àti Mùnírà jókòó sórí bẹ́ńṣì níta. Àáfà dúró, kò jókòó.

"Ṣàlàyé fún mi," ni Sàwúdátù wí. "Má fi nǹkan kan pamọ́."

"Àǹtí, kì í ṣe iṣan ló gbẹ. Nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́ wa. Òun ló ń nípọn. Á kọ́kọ́ di kókó, kókó á di okùn, okùn á máa fa ìka wálẹ̀. Àwọn dókítà ń pè é ní Dupuytren."

"Ta ló fi ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó fi ṣe é. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ọkùnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún ló máa ń ṣe jù. Àtọ̀gbẹ máa ń fà á mọ́ra, sìgá àti ọtí náà. Kì í ràn. Kò sì mọ ẹni tó búra àti ẹni tí kò búra."

"Báwo ló ṣe sùn fún ọdún márùn-ún, tó wá ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹlòmíràn wà tí kókó rẹ̀ kò ní kọjá kókó títí ayé. Ẹlòmíràn wà tí á fi ọdún mẹ́wàá tẹ̀. Ẹlòmíràn, oṣù mélòó kan. Kò sí dókítà tó lè fọwọ́ sọ̀yà bó ṣe máa yára sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ."

"Ká ní ẹ rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

"A ò ní gé kókó lásán. A ó máa wò ó. Bí ìka bá ti ń tẹ̀, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ já okùn yẹn, tàbí kí wọ́n la ọwọ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ó lè padà wá, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ìka á nà. Tó bá pẹ́ jù ni oríkèé fi máa ń le. Fífi agbára fà á kò lè nà án láéláé."

"Kí ló dé tí o ò sọ gbogbo èyí fún wa?"

"Ṣé mo rí ọwọ́ náà ni? Bí mo bá ti wọlé, abẹ́ ẹ̀wù ni Bàbá Kékeré ń fi í sí."

Dókítà ti ní wọ́n máa gé ìka kékeré, Sàwúdátù sì bèèrè nípa rẹ̀. "Ṣé àìsàn yìí ló máa gé ìka yẹn?"

"Rárá, Àǹtí. Àìsàn yìí kì í gé ìka. Okùn tí wọ́n fi so ó mọ́ wàláà ló gé e."

Àáfà gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gé ìka kékeré náà. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é nínú ẹ̀sìn wa, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n sì gbé e lé Àáfà lọ́wọ́ kó lọ sin ín. Ọkùnrin tó ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kumasi gbẹ́ ihò kékeré fún ìka àbúrò rẹ̀, ó bò ó, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ó wá bẹ Sàwúdátù lálẹ́ ọjọ́ náà. Sàwúdátù kò ní kó jókòó.

"Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi so ó, Àáfà. Ìfẹ́ náà ti gé e. Gbogbo mọ́sálásí ló gbọ́ pé ọkọ mi búra èké. Kí wọ́n gbọ́ èyí náà. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ."

"Níwájú gbogbo èèyàn?"

"Níwájú gbogbo èèyàn. Wallahi, bẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, èmi á dìde láàárín àwọn obìnrin, mo sì máa sọ ọ́."

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, Àáfà dìde. Ó ní Khàlíl kò búra èké. Ó ní àìsàn ni, òun ò mọ̀ ọ́n, òun sì fi orúkọ Kùránì bo àìmọ̀ òun. Ó sọ ọ̀rọ̀ okùn náà látòkèdélẹ̀, kò dá ara rẹ̀ láre níbì kan. Lẹ́yìn náà ló ní kí gbogbo wọn tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí ẹní, bí ìgbà tí wọ́n bá forí kanlẹ̀, kí wọ́n wò bóyá àtẹ́lẹwọ́ àti ìka wọn tẹ́ délẹ̀.

Ọwọ́ méjì ni kò tẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ti bàbá arúgbó kan. Èkejì jẹ́ ti ọkùnrin kan tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó sáré fà á sínú ẹ̀wù. Àwọn èèyàn yí ojú sí i, wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe wo Khàlíl.

Ohùn Sàwúdátù wá láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi ya àwọn obìnrin sọ́tọ̀. "Ẹ má wò ó bẹ́ẹ̀. Irú ìwò yẹn ló jẹ́ kí ọkọ mi fi tirẹ̀ pamọ́."

Àáfà lọ jókòó ti ọkùnrin náà, ó ní kó jẹ́ kí Mùnírà wò ó lọ́la.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí egbò jinná tí ṣúgà sì wálẹ̀, wọ́n la ọwọ́ Khàlíl, wọ́n yọ okùn inú rẹ̀. Ìka òrùka ti nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò nà tán. Ó ń ṣe eré ìka tí wọ́n kọ́ ọ, ó sì ń de ohun tí ilé ìwòsàn fún un láti mú ìka náà dúró mọ́ ọwọ́ bó bá fẹ́ sùn. Ó fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ àtijọ́ wé òòlù àti ayùn rẹ̀ kí wọ́n lè nípọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́rin ló fi ń kí èèyàn báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ tẹ́ ọwọ́ yín sórí tábìlì. Bí kò bá tẹ́, ẹ lọ rí dókítà, ẹ má dúró de ìrora, torí kì í sábà dunni. Bó bá jẹ́ kókó nìkan ni, ẹ máa fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ lè mọ̀ bó bá ti ń rìn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó lo oògùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Ẹ má fà á, ẹ má so ó, ẹ má fi pákó tẹ̀ ẹ́. Àdúà dára, ẹ máa ṣe é lọ́nà ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ìka rẹ̀ tẹ̀, ẹ di ẹnu yín mú, kí ẹ sì kí i.

Àáfà ti bẹ Sàwúdátù lọ́pọ̀ ìgbà. Kò tíì dárí jì í tán. Ó ní kí a kọ ìyẹn náà sínú ìtàn yìí, a sì ti kọ ọ́.