Orí Tó Há Sínú Ẹ̀rọ

Orí Gyuhwan ló kọ́kọ́ kí Seonok. Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ èèyàn ní yunifásítì kan ní ìlú Daejeon, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ tóbi ló gbọ́n jù. Gyuhwan yọ̀ǹda ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ike tí wọ́n fi ń bo orí kọ̀, kò pa dé.

Seonok tó ń darí ẹ̀rọ náà tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé orí yín nìkan lẹ gbé wá, àbí ẹ ru ti ẹlòmíì mọ́ ọn?"

"Ti bàbá mi wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín ba àwòrán náà jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí Gyuhwan jókòó sí ìdánwò ọgbọ́n lẹ́yìn náà, ohùn ọmọbìnrin yìí nìkan ló ń gbọ́. Lẹ́tà èsì dé: nínú igba èèyàn, ọpọlọ rẹ̀ ló tóbi jù, máàkì rẹ̀ ló sì kéré jù. Ó fi lẹ́tà náà pamọ́ sínú bàtà.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. "Olórí mi" ni Seonok ń pè é. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò ni ìyá Seonok, ó sì ti lé àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ̀ kan lọ rí nítorí pé kò mọ ìsọdipúpọ̀. Ó wo Gyuhwan, ó ní orí bí èyí kò lè ṣófo. Gyuhwan rántí lẹ́tà inú bàtà.

Lọ́jọ́ ìtọrọ, níbi tí wọ́n ti ń jẹ núdù, Màmá Seonok ní kó mú èsì iṣẹ́ ọpọlọ tó ń ṣe wá. Lórí ìwé náà, ààmì kékeré kan ló dúró fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀tún fún ọpọlọ ńlá, òkè fún máàkì tó ga. Wọ́n fọ́n ká bí yànmọtí tó dà sílẹ̀. Ìlà tó gba àárín wọn kò gòkè ju díẹ̀ lọ: ọpọlọ ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún ọgbọ́n.

Màmá fi igi ìjẹun tọ́ka sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. "Ta ni olórí òfìfo yìí?"

Gyuhwan lè dákẹ́. Kò dákẹ́. "Èmi ni, Màmá."

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," Seonok sọ wẹ́lẹ́. "Ṣé orí á há mọ́ mi lọ́wọ́ kí n má dá a mọ̀?"

Màmá kò wò wọ́n. Ó tọ́ka sókè lápá òsì. "Olórí bíńtín tí máàkì rẹ̀ ga ju ti gbogbo wọn lọ yìí ńkọ́?"

Seonok dáhùn, "Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo bẹ̀ yín wá sídìí ẹ̀rọ náà, tí èèyàn ò pé igba."

Màmá gbé igi ìjẹun sílẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, olùkọ́ kan ti sọ fún un pé orí rẹ̀ kéré jù láti gba ìṣirò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn àgbà ní orí burúkú kì í wú tuulu. Ti ọlọ́gbọ́n náà kì í wú.

Ó bu ẹran tirẹ̀ sínú abọ́ Gyuhwan.

"Olórí ńlá ni mo ti ń wá," Màmá wí. "Mi ò wá a mọ́. Olórí ire ni kóo jẹ́ fọ́mọ mi."